Agbọ́tán àti Bọ́ǹbù Tí Kì Í Dún

Agbọ́tán kọ́ ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fi í ṣe Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Etí Ìjọba, ó sì ní kí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn kí òun tó jókòó. Agbọ́tán: ẹni tó gbọ́, tó tún gbọ́, tó sì gbọ́ tán. Ìwọ tó ń kà á, mo mọ̀ pé ẹ̀rín ti fẹ́ máa pa ọ́. Dá a dúró ná. A ò tíì wọlé.

Iṣẹ́ Etí Ìjọba kò ṣòroó ṣàlàyé. Fóònù yòówù kó dún nílùú, Etí Ìjọba wà níbẹ̀. Bí ìyá bá pe ọmọ rẹ̀ láti bi í bóyá ó ti jẹun, wọ́n ń gbọ́. Bí aláìsàn bá ń júwe ibi tó ń yún un fún dókítà, wọ́n ń gbọ́, wọ́n sì ń bi ara wọn léèrè bóyá ibi tí àwọn rò náà ni. Ilé alájà mẹ́ta kan tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe é. Nínú yàrá ńlá kan níbẹ̀, tábìlì tò lọ rẹrẹẹrẹ bí ibi ìdánwò, akọ̀wé kọ̀ọ̀kan sì fi ohun ìgbọ́rọ̀ dúdú bo etí méjèèjì. Wọn kì í tan fáànù, nítorí Agbọ́tán ní ariwo fáànù lè bo ohùn ọ̀tá mọ́lẹ̀. Ooru mú, òógùn bọ̀, àṣírí ìlú sì ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Láràárọ̀, bí Agbọ́tán bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo wọn á dìde, wọ́n á fi ọwọ́ ọ̀tún fa etí ọ̀tún. Bí wọ́n ṣe ń kí i nìyẹn. Igbákejì rẹ̀ ni í dá orin ìkíni náà.

"Ta ló gbọ́?"

"Ọ̀gá ló gbọ́."

"Kí ló kù tí wọn ò gbọ́?"

"Kò ku nǹkan kan."

Igbákejì yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, kì í fi etí rẹ̀ ṣeré. Ó ti fà á títí tí ti ọ̀tún fi gùn ju ti òsì lọ. Bí Agbọ́tán bá sín, á ní ìlú ti rí ìbùkún. Bí Agbọ́tán bá dákẹ́, á ní ọ̀rọ̀ náà wọ òun lákínyẹmí ara.

Òfin wá ń jáde láti ọ́fíìsì yẹn bí omi ẹ̀rọ tó bàjẹ́. Àwọn akọ̀wé ráhùn pé bí tọkọtaya bá ń jà lórí fóònù, àwọn kì í gbọ́ nǹkan kan, nítorí pé àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni. Agbọ́tán pàṣẹ pé kí wọ́n máa jà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọkọ sì dákẹ́ títí ìyàwó á fi parí. Ọ̀pọ̀ ìyàwó fara mọ́ òfin yìí, wọ́n ní ìjọba ti ń gbìyànjú. Lẹ́yìn náà ló fòfin de sísọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló tún ní ẹnikẹ́ni tó bá bẹ̀rẹ̀ òfófó, tó wá dé ibi tó dùn tó ní "tí mo bá dé, màá sọ ìyókù," ọ̀daràn ni, nítorí pé àwọn akọ̀wé kì í lè sùn.

Àwọn kan kùn. Agbọ́tán bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n láti dá wọn lóhùn. Ó wọ kóòtù tí bọ́tìnnì rẹ̀ ń dán bí ojú ológbò.

"Ẹ̀yin ará ìlú mi ọ̀wọ́n," ó ní, "ẹ̀yin tí mo mọ ohùn yín ju bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Wọ́n ní mò ń yọjú sí ọ̀rọ̀ yín. Mo bi yín: ẹni tí kò ṣe ibi, kí ló ń fi pa mọ́? Ẹni tí kò jalè, kí ló ń tilẹ̀kùn fún? Ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ẹ̀sùn ni. Kọ́tìnì, ìjẹ́wọ́ ni. Ẹ bọ́ sí gbangba, ẹ̀yin ènìyàn mi. Bàbá yín ń gbọ́."

Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ìyẹn ò kàn wá.

Ohun tó kàn wá ni Ìyá Olùkọ́. Òun ni ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, opó ni, kò sì ní pẹ́ fẹ̀yìn tì. Bó bá gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, eṣinṣin pàápàá á wá ibi jókòó. Ìsọ̀ Bàbá Onígbàjámọ̀ wà ní ọ̀kánkán ilé-ìwé rẹ̀. Ìyàwó ti òun náà ti kú tipẹ́. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Olùkọ́ sọdá lọ bá a jà, pé ó ń gé ilà sórí àwọn ọmọ òun bí ẹní ya àwòrán ilẹ̀. Ó tún padà lọ bá a jà nípa pàǹtírí irun. Nígbà tó sọdá lẹ́ẹ̀kẹta, kò rí ẹ̀sùn mú dání mọ́. Bàbá Onígbàjámọ̀ nu àga fún un, ó jókòó.

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Bàbá Onígbàjámọ̀ ń pè é ní Àlùbọ́sà. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣí aṣọ ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ní ìpele ìpele, omi ò yéé bọ́ lójú òun. Wọ́n pinnu láti lọ sí kọ́ọ̀tù, kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó láìpariwo. Ìdí tí wọn ò fi pariwo ni pé Ìyá Olùkọ́ ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, nọ́ọ̀sì ni, ọmọ náà ò sì tíì lè dárúkọ bàbá rẹ̀ tó kú láìsunkún. Ìyá fẹ́ mú un jókòó, kó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un. Ó ń wá ọjọ́ tó dára. Èwo ló burú nínú ìyẹn?

Bí ọjọ́ ṣe ń sún mọ́lé, wọ́n sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

"Àlùbọ́sà mi, wọ́n ti ṣe é tán."

"Ṣé ẹ wò ó dáadáa?"

"Mo wò ó. Ó tóbi, ó sì wúwo. Èèyàn mẹ́rin ló máa gbé e."

"Èyí tó wà nílé mi ló ń bà mí lẹ́rù. Èèyàn ò lè fara kàn án báyìí kí gbogbo àdúgbò má gbọ́."

"Èyí kì í dún rárá. Mo kìlọ̀ fún ẹni tó kàn án."

"Ìgbà wo ni wọ́n máa gbé e dé?"

"Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí a bá ṣe ti kọ́ọ̀tù tán."

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má tíì gbọ́ o."

"Ta ni màá sọ fún? Ọ̀rọ̀ àwa méjì ni."

Ìwọ àti èmi ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń sọ. Àwọn àgbà ní ẹni tí kò gbọ́ tẹnu ẹga ló ń sọ pé ẹga ń pàtótó. Agbọ́tán gbọ́ tẹnu ẹga láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì tún pàtótó jù ú lọ. Nígbà tí Igbákejì gbé ohùn náà dé iwájú rẹ̀, ó gbọ́ ọ, ó dìde, ó rìn lọ sójú fèrèsé, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ère.

"Bọ́ǹbù," ó ní.

Igbákejì wúkọ́. "Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì ni?"

Agbọ́tán yíjú padà díẹ̀díẹ̀, ó wò ó.

"Ohun tí mo ní lọ́kàn, Ọ̀gá," Igbákejì yára sọ, "ni pé ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ ká rò pé bẹ́ẹ̀dì ni."

"O ti ń dàgbà," Agbọ́tán ní. "Ó tóbi, ó wúwo, ó gba ọkùnrin mẹ́rin. Ti àkọ́kọ́ ń dún, gbogbo àdúgbò ń gbọ́. Wọ́n wá ṣe èyí tí kì í dún. Bọ́ǹbù tí kì í dún, Igbákejì. Ìlú á fò sókè láìmọ̀ pé òun ti fò. Kọ́ọ̀tù ni wọ́n fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Àlùbọ́sà yìí sì ni olórí wọn."

"Orúkọ ẹni burúkú náà ni, Ọ̀gá. Ó ní ìpele púpọ̀."

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Agbọ́tán kó ọlọ́pàá, ó kó ajá tí ń gbóòórùn, ó sì kó àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n lọ síwájú ilé Bàbá Onígbàjámọ̀. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ ẹrù tó dé, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí ará ìlú gbọ́ ohùn àwọn ọ̀dàlẹ̀ náà. Wọ́n tan án. Gbogbo ilé oúnjẹ, gbogbo ìsọ̀, gbogbo ibi tí èèyàn ti ń dúró de dókítà ló gbọ́ "Àlùbọ́sà mi."

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kan ń di báńdéèjì mọ́ ẹsẹ̀ ọkùnrin kan lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó wà lára ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ìyá mi nìyẹn," ó ní.

"Ta ni Àlùbọ́sà?" ọkùnrin náà bi í.

Ó ń di báńdéèjì náà lọ títí tó fi dé orúnkún.

Ọkọ̀ ẹrù dé. Àwọn ajá gbóòórùn rẹ̀, wọ́n jókòó, ọ̀kan yán. Àwọn ọlọ́pàá ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n sì gbé bẹ́ẹ̀dì onígi pupa kan jáde, tòun ti fóòmù rẹ̀ nínú ọ̀rá. Ìgbà yẹn gan-an ni ọkọ àti ìyàwó tuntun ń ti kọ́ọ̀tù bọ̀. Ìyá Olùkọ́ dé fìlà aláwọ̀ ewé tó ní òdòdó létí, Bàbá Onígbàjámọ̀ sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n dúró láàárín ọ̀nà. Kámẹ́rà yí sí wọn.

Ẹlòmíràn ì bá ní "ẹ má bínú," á sì wọ mọ́tò rẹ̀ lọ. Agbọ́tán kọ́. Ó gbá ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú.

"Ẹ má jẹ́ kó tàn yín," ó ní. "Ọ̀tá tó gbọ́n kì í gbé bọ́ǹbù tó jọ bọ́ǹbù. Ẹ mú bẹ́ẹ̀dì yẹn."

Wọ́n mú un lóòótọ́. Wọ́n fi í sí àtìmọ́lé nínú yàrá kan ní Etí Ìjọba, wọ́n sì fi ọlọ́pàá mẹ́rin ṣọ́ ọ. Agbọ́tán pàṣẹ pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Wọ́n gbé ohun ìgbọ́rọ̀ lé e lórí, kò sọ nǹkan kan. Wọ́n jókòó lé e, wọ́n fò lórí rẹ̀, kò dún. Igbákejì kọ ọ́ sílẹ̀ pé olóríkunkun ni. Wọ́n la fóòmù, fóòmù ni wọ́n bá nínú fóòmù. Níkẹyìn wọ́n ní kí àwọn ẹ̀ṣọ́ mẹ́rin náà dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀ láti mọ ohun tó ń gbèrò. Ìgbà tí Agbọ́tán wá gba àbọ̀, híhanrun ló gbọ́.

Gbogbo èyí panilẹ́rìn-ín fún ẹni tí kò kàn. Fún Ìyá Olùkọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá ti dúró níwájú àwọn ọmọ ilé-ìwé láàárọ̀, ọ̀kan á fi ọwọ́ nu ojú bí ẹni tó ń gé àlùbọ́sà, àwọn tó kù á fi ìwé bo ẹnu. Kò na ẹnikẹ́ni. Á kàn yí padà sí pátákó, á sì pẹ́ níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ nọ́ọ̀sì wá a wá nílé, kò sì jókòó.

"Mo fẹ́ sọ fún ọ," Ìyá ní.

"Mo mọ̀, màmá. Mo gbọ́ pé ẹ ò tíì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Orí tẹlifíṣọ̀n ni mo ti gbọ́ ọ, èmi àti gbogbo àwọn tí mò ń tọ́jú."

"Mo ń wá ọjọ́ tó dára ni."

"Wọ́n ti bá yín wá a," ọmọ náà ní, ó sì lọ.

Inú Ìyá Olùkọ́ bàjẹ́ ju ti ọjọ́ bẹ́ẹ̀dì lọ. Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó dé fìlà aláwọ̀ ewé yẹn, ó sì gba ilé aṣòfin lọ láti fẹjọ́ sùn.

Kì í ṣe òun nìkan ni ara ń kan. Ìbẹ̀rù ti mú gbogbo ìlú, olúkúlùkù ń ronú ohun tí òun náà ti sọ rí. Àwọn èèyàn ò sọ nǹkan gidi lórí fóònù mọ́. Ọkọ á pe ìyàwó, á ní, "Ẹ káàsán o, ìyàwó. Mo fẹ́ràn ìjọba wa." Ìyàwó á ní, "Èmi náà fẹ́ràn wọn, ọkọ mi. Ẹ ra ọṣẹ bọ̀." Òfófó kú pátápátá. Àwọn akọ̀wé Etí Ìjọba ò rí nǹkan gbọ́, wọ́n gbórí lé tábìlì, wọ́n ń sùn. Àwọn aṣòfin pàápàá ń bẹ̀rù fóònù wọn, ìdí gan-an nìyẹn tí wọ́n fi tètè gbé ìgbìmọ̀ dìde, kì í ṣe nítorí ìfẹ́ ará ìlú. Obìnrin àgbà kan tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè ni wọ́n fi ṣe Alága.

Lọ́jọ́ ìjókòó náà, Alága ní kí Ìyá Olùkọ́ sọ tẹnu rẹ̀.

"Ọ̀gá yìí bèèrè pé ẹni tí kò ṣe ibi, kí ló ń fi pa mọ́," Ìyá Olùkọ́ ní. "Kì í ṣe gbogbo ohun tí à ń bò mọ́lẹ̀ ló jẹ́ òkú. A máa ń bo irúgbìn náà. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ fún ọmọ mi. Wọ́n hú u kó tó hù. Mi ò tún lè sọ ọ́ fún un mọ́ láyé."

Agbọ́tán dìde láti fèsì, Igbákejì sì fa etí rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀yin aṣòfin tó ga bí òkè, ṣùgbọ́n tí kò ga tó òtítọ́," ó ní, "omi ni mí. Ẹ wò mí, ẹ ó rí ìsàlẹ̀. Ayé mi, ìwé tó ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì ni. Nígbà tí mo ṣe òfin, ṣé mo yọ fóònù tèmi sílẹ̀? Mi ò yọ ọ́. Ẹ lọ gbé ohùn tèmi náà wá. Ẹ tan án níwájú ayé. Ẹ ó gbọ́ bí ọkàn tó mọ́ ṣe ń dún."

"Ọ̀gá," Igbákejì sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, "ẹ rántí rédíò."

Ọ̀rọ̀ ti bọ́. Alága ní, "A gbà," wọ́n sì gbé e wá, wọ́n tan án. Ètò ìpè kan lórí rédíò ni, irú èyí tí ará ìlú máa ń pè sí láti sọ èrò wọn.

"Màmá, ẹ kú àárọ̀," olóòtú ètò náà ní.

"Ẹ kú àárọ̀ o, ọmọ mi," ohùn kan dáhùn. Ohùn arúgbó ni, ó rí tín-ín-rín, ó ń gbọ̀n. "Ìyá arúgbó kan lèmi, ìgbèríko ni mò ń gbé. Eyín mi ti ká tán. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbọ́ ohùn Agbọ́tán lórí tẹlifíṣọ̀n, ńṣe ni eyín tuntun ń yọ."

Lẹ́yìn ohùn náà ni wọ́n gbọ́ ohùn mìíràn tó ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ẹ fi ikọ́ díẹ̀ sí i, Ọ̀gá."

Ìyá arúgbó náà wúkọ́.

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ẹ̀rín náà sì ràn. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó kò tíì parí. "Ẹ bá mi sọ fún Olórí Ìjọba," ó ní, "pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ pé ó ń sùn nípàdé. Kó gbé àga yẹn fún Agbọ́tán, kó lọ sinmi nílé." Àwọn aṣòfin ti dojú bolẹ̀ lórí tábìlì, èjìká wọn ń gbọ̀n. Igbákejì ti tú ọwọ́ kúrò létí, ó ń wo àjà bí ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Òógùn gba ọrùn kóòtù Agbọ́tán.

Ẹni tó ń tan ẹ̀rọ kò dá a dúró. Ohùn tó tẹ̀ lé e kì í ṣe ti arúgbó, kì í sì ṣe ti tẹlifíṣọ̀n. Ohùn kékeré kan ni.

"Ìyàwó mi, ṣé o ráyè? Bí mo ṣe wọ yàrá lónìí, ó dà bíi pé wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀. Ṣé o rò pé èmi—"

"Ẹ pa á," Ìyá Olùkọ́ ní.

Ó ti dìde. Alága wò ó láti òkè gíláàsì rẹ̀. "Ìyá, nítorí ẹ̀tọ́ yín la ṣe ń jókòó níbí."

"Ẹ̀tọ́ náà ni mò ń bèèrè. Ti rédíò yẹn, ó pè é síta fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a rẹ́rìn-ín. Èyí, òun àti ìyàwó rẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á."

Wọ́n pa á. Ẹ̀rín kú lẹ́nu gbogbo wọn. Agbọ́tán ń wo ilẹ̀. Mo ti ń fi ọkùnrin yìí ṣe yẹ̀yẹ́ láti òkè ìwé, ṣùgbọ́n ní ibi yìí, ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀.

Olórí Ìjọba kò pè é lórí fóònù láti lé e, nítorí kò sẹ́ni tó fọkàn tán fóònù mọ́. Dírẹ́bà ló rán wá gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Àwọn aṣòfin ṣòfin pé etí ìjọba kò gbọdọ̀ wọ fóònù ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé adájọ́ rí ìdí rẹ̀. Igbákejì ti wà ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀nà báyìí. Ọ̀gá ibẹ̀ nímú ńlá, wọ́n sì ní ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa imú.

Nọ́ọ̀sì wà nínú ìjókòó lọ́jọ́ náà, ó dúró sí ẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n dá bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, tòun ti fóòmù tí wọ́n rán bí ojú ọgbẹ́, ẹni mẹ́ta péré ló wà nílé láti gbé e wọlé. Nọ́ọ̀sì bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì di igun kẹrin mú. "Ẹ̀yin bàbá yìí," ó sọ fún Bàbá Onígbàjámọ̀, "ẹ gbé tiyín sókè díẹ̀. Ògiri lẹ fẹ́ fi kọ lù." Ìgbà àkọ́kọ́ tó pè é ní bàbá nìyẹn. Bàbá Onígbàjámọ̀ gbé e sókè jù, ó fi kọ lu àjà.

Agbọ́tán fẹsẹ̀ rìn délé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gba mọ́tò. Ìyàwó rẹ̀ wà ní kíṣìnì, ó ń nu àwo. Obìnrin náà gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò bi í léèrè nǹkan kan, ó fa àga kan jáde fún un. Agbọ́tán jókòó. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó ti fèrèsé, ó fa kọ́tìnì, ó sì lọ ti ilẹ̀kùn pẹ̀lú.

Ó ní, "Ìyàwó mi, ohun kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ."

Ohun tó bá a sọ, èmi kò gbọ́ ọ. Ìwọ náà, yé na ọrùn. Jẹ́ ká máa lọ sílé.